Bí Ìjì Bá Dé Ilé Àwọn Àgbà



Àwọn àgbà wa a máa wí pé, kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Bí odò bá ń kún bọ̀, ẹsẹ̀ ni a ó fi gun òkè. Bí iná bá ràn mọ́ ilé, ẹsẹ̀ ni a ó fi bọ́ síta. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ ńkọ́? Ìyá kan tí ó ti di ẹni ọdún 85, tí ó jẹ́ pé láti orí ibùsùn dé ilé ìwẹ̀ ni ìrìn àjò rẹ̀ tí ó gùn jù lọ láàárín ọjọ́ kan, kí ni oògùn tirẹ̀ ní òru tí ìjì bá ń ṣí páànù lórí rẹ̀? Oògùn rẹ̀ kò sí lára rẹ̀ mọ́, ara ẹlòmíràn ni ó wà. Lára ta ni? Ìbéèrè tí mo gbé wá nìyẹn, mo sì fẹ́ kí a fi orúkọ ènìyàn dá a lóhùn. Ẹ má ṣe sọ fún mi pé gbogbo wa ni, nítorí ohun tí ó bá jẹ́ ti gbogbo wa, ní òru tí òjò ń rọ̀, kì í sábà jẹ́ ti ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé àdúgbò tí mo mọ̀. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfakò-Ìjàyè ni, tí wọ́n yọ kúrò lára Agége ní ọdún 1996. Ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí, láti Ọ̀gbà lọ sí Ìjú, láti Fágbà lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, ilé lórí ilé ni yóò rí, àti mọ́tò tí kò lè lọ tí kò lè bọ̀. Ṣùgbọ́n oko ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní Ìfakò ni Jacob Kẹ́hìndé Coker gbin kòkó rẹ̀ sí, ọkùnrin kan náà tí ó wà lára àwọn aṣáájú tí wọ́n dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún 1901; oko àti ìjọ jọ dàgbà pọ̀ ni níbẹ̀. Ní ti Ìjàyè Ọjọ́kòrò, ìtàn àdúgbò sọ pé àwọn ọmọ Ìjàyè tí ogun fọ́ ìlú wọn ní ọdún 1862 ni wọ́n wá tẹ̀dó síbẹ̀, ìyẹn àwọn tí ẹsẹ̀ wọn gbé wọn nígbà náà.

Lẹ́yìn oko ni ilé iṣẹ́ dé. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Àwọn ọ̀dọ́ rọ́ wá láti Ìjẹ̀bú, láti Èkìtì, láti Ọ̀yọ́, àní láti òdìkejì odò Ọya pàápàá. Wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe táyà, wọ́n ń yan bisikíìtì, wọ́n sì ń gba yàrá kọ̀ọ̀kan ní Agége àti Ìfakò. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 20 nígbà tí ó dé ní ọdún 1962 ti kọjá ẹni ọdún 80 báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Dunlop tí ó ń ṣe táyà ní Ìkẹjà dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní ọdún 2008. Ilé iṣẹ́ lọ, òṣìṣẹ́ kù. Àwọn ará ìlú tí ó ti wá kò mọ̀ ọ́n mọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú tán, inú yàrá kan ṣoṣo ni ó ṣì wà, omi sì ń wọlé tọ̀ ọ́ ní gbogbo oṣù kẹfà.

Nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ti di ará ilé àwọn àgbà. Mo mọ̀ pé ilé arúgbó kì í ṣe orúkọ tí ó dùn létí Yorùbá. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, bẹ́ẹ̀ ni a ti ń wí láti ọjọ́ yìí wá. Ẹni tí ó bá sì gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ibi tí àlejò yóò ti máa bọ́ ọ, ẹnu aráyé kò ní jẹ́ kí ó sùn. Èmi kì í bá wọn bú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó bí ọmọ mẹ́ta, tí ọ̀kan wà ní Houston, tí èkejì wà ní London, tí ẹ̀kẹta sì ń jáde nílé ní aago mẹ́rin ìdájí kí ó tó lè dé ibi iṣẹ́ ní Àpápá, ọmú ọmọ wo ni ẹ fẹ́ kí ó mu? Ẹni tí kò bímọ rárá ńkọ́? Ìjọ ni ó ń gba púpọ̀ nínú wọn. Ìjọ Àgùdà ní irú ilé yìí ní Mushin, Regina Mundi ni orúkọ rẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọ̀kan ní Yábàá. Àwọn kéékèèké sì wà, ilé oníyàrá mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ ń fi owó ìkórè gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ọ̀kan bẹ́ẹ̀ wà ní apá ọ̀dọ̀ wa tí mo máa ń lọ. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn tí ó wà níbẹ̀ kò rán mi níṣẹ́ pé kí n gbé wọn sórí rédíò.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwa Kristẹni ṣe ń sin àwọn àgbà wọ̀nyí, ẹ ṣí ìwé tí àlejò ń kọ orúkọ sí lẹ́nu ọ̀nà. Ní oṣù kejìlá, ojú ewé kan kì í tó ọjọ́ kan. Ẹgbẹ́ akọrin dé, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ dé, ilé ìfowópamọ́ dé pẹ̀lú àsíá gbàgàdà. Ìrẹsì dé, òróró dé, bisikíìtì dé ju bí eyín tí ó kù lẹ́nu wọn ti lè fọ́ ọ lọ. A ya fọ́tò, a gbàdúrà, a lọ. Bí ó bá ti di oṣù kẹrin, ìwé náà a bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Òjò ti dé. Ọ̀nà ti di ẹrẹ̀, àwọn onímọ́tò kò fẹ́ wọ àdúgbò, olúkúlùkù ń dààmú òrùlé tirẹ̀. Ìgbà tí ojú ọ̀run bá mọ́ ni a ń lọ. Bí ó bá ṣú, a padà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìbẹ̀wò àti ìsìn ti pínyà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìjì náà fúnra rẹ̀. Ní Èkó, òjò a máa pọ̀ ní ìgbà méjì lọ́dún: oṣù kẹfà ni ó pọ̀ jù, ó ń dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, a sì tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Ṣùgbọ́n oṣù tí òjò pọ̀ jù kọ́ ni ìjì burú jù. Ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé àti ìgbà tí ó ń múra àtilọ ni ìjì tí ń ṣí òrùlé máa ń jà. Láti ìlà-oòrùn ni ó ti ń bọ̀. Ìkùukùu dúdú a tò bí ògiri, ooru a mú, ewé igi kò ní mì. Lójijì, afẹ́fẹ́ tútù kan a fẹ́, eruku a dìde, ilẹ̀kùn a bẹ̀rẹ̀ sí í gbá. Inú ìkùukùu ni afẹ́fẹ́ tútù náà ti ń já bọ́. Bí ó bá kan ilẹ̀, a sáré lọ síwájú bí omi tí a dà sórí kọ̀ǹkéré. Ìdí nìyẹn tí atẹ́gùn fi ń ṣáájú òjò, tí páànù fi lè ká kúrò lórí ilé kí ẹ̀kán omi kan tó kàn wá lára. Láti ìgbà tí eruku bá dìde títí di ìgbà tí òrùlé bá ṣí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹni tí ó lè sáré yóò ti wọlé. Ẹni tí a ń gbé jókòó, tí a ń gbé dìde, ibi tí ìjì bá bá a ni yóò wà.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé kàlẹ́ńdà. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2012, nígbà tí púpọ̀ nínú wa rò pé ẹ̀ẹ̀rùn ni a ṣì wà, ìjì kan jà ní Èkó, ó ṣí òrùlé, ó wó igi àti ògiri, ó sì mú ẹ̀mí lọ. Ní ọdún tí ó ṣáájú, ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011, tí ó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, òjò rọ̀ títí omíyalé fi gba ilé lọ́wọ́ onílé, ọmọdé sì wà lára àwọn tí ó bá a lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ó kan Ìbàdàn, àwọn tí ó kú lé ní 100. Ìbàdàn yìí náà ni odò Ògùnpa ti pa ènìyàn tí ó lé ní 200 ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Oṣù kẹjọ ni méjèèjì, oṣù tí a ní òjò ń sinmi.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà mọ ìjì tí ó ju tiwa lọ fíìfíì, ìjì yíyípo tí wọ́n ń pè ní hurricane. Kì í dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé òun àti àwa kò tan. Láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ni ọ̀wọ́ ìjì ń gba orí ilẹ̀ Áfíríkà kọjá nígbà òjò. Bí wọ́n bá ti bọ́ sórí òkun tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ́yìn Senegal, òmíràn nínú wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í yí, a sì máa dàgbà bí ó ti ń lọ, títí yóò fi dé àwọn erékùṣù Karibíà tàbí Florida. Bẹ́ẹ̀ ni ìjì Irma ṣe bẹ̀rẹ̀: ó kúrò ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní òpin oṣù kẹjọ ọdún 2017, ó sì dé Florida ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà títí dé ìparí oṣù kọkànlá ni wọ́n ń kà sí ìgbà ìjì níbẹ̀. Ilé àwọn àgbà, ti ìjọ àti ti oníṣòwò, sì pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún yẹ kí a gbọ́.

Nígbà tí ìjì Katrina dé ẹ̀bá New Orleans ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2005, ilé àwọn àgbà kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ St. Rita's. Àwọn tí ó ni ilé náà rò pé bí a bá gbé àwọn aláìlera sórí mọ́tò lọ sí ọ̀nà jíjìn, ọ̀nà yóò pa nínú wọn. Wọ́n dúró. Omi ya wọlé lójijì, àwọn àgbà 35 sì kú. Wọ́n gbé àwọn onílé náà lọ sí kóòtù. Ní ọdún 2007, kóòtù dá wọn láre. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn ìjì Katrina tí ìjì mìíràn, tí wọ́n sọ ní Rita, dojú kọ Texas. Ilé àwọn àgbà kan nítòsí Houston kò dúró ní tirẹ̀. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n sì gba ọ̀nà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, bọ́ọ̀sì náà gbiná nítòsí Dallas. Àwọn agolo ọ́síjìn tí àwọn aláìsàn fi ń mí mú iná náà burú sí i, ènìyàn 23 sì kú. Àwọn kan dúró, wọ́n kú. Àwọn kan sá, wọ́n kú.

Èyí tí ó jọ tiwa jù ni ó kù. Nígbà Irma, ilé àwọn àgbà kan wà ní ìlú Hollywood, ti Florida, kì í ṣe ti sinimá. Ìjì náà kọjá, ilé kò wó. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé iná tí ó ń mú ẹ̀rọ amúlétutù ṣiṣẹ́ lọ. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú nínú ilé náà, ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Ilé ìwòsàn ńlá kan sì wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ènìyàn 12 ni wọ́n kà pé ooru náà ṣe ikú pa. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba Florida ṣe òfin pé irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní jẹnẹrétọ̀ tí ó lè mú ilé tutù.

Ẹni tí ó bá ń wá òfin kan ṣoṣo nínú mẹ́ta yìí, bóyá kí a máa dúró ni tàbí kí a máa sá, kò ní rí i. Ohun tí èmi rí ni pé ọjọ́ ìjì kọ́ ni ọjọ́ ìrònú. Ohun gbogbo tí yóò gba àgbà là, ọjọ́ tí oòrùn ń ràn ni a ń ṣe é.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé kékeré tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní apá Ìfakò-Ìjàyè. Orí òrùlé ni iṣẹ́ ìsìn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìṣó páànù a máa tú díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń gòkè lọ wò ó. Etí òrùlé ni ìjì ń kọ́kọ́ dì mú; bí atẹ́gùn bá rí àyè wọ abẹ́ páànù kan, yóò gbé e bí ìdérí ìkòkò. Káfíńtà kan tí ó wá pẹ̀lú ìṣó àti wáyà fún òwúrọ̀ kan ní oṣù kìíní ti ṣe ju ẹni tí ó gbé àpò ìrẹsì mẹ́wàá wá lọ, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó ya fọ́tò rẹ̀. Gọ́tà ni ó tẹ̀ lé e, ọ̀rá píọ́ wọ́tà ni ó sì ń dí i jù. Mo ti rí àwọn ọmọ Boys' Brigade tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó o ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí wọ́n ń kọrin bí ẹni tí ó wà lójú agbo.

Nínú ilé, ilẹ̀ tútù ni ọ̀tá. Àgbà kì í dúró de ìgbà tí omi bá gbé e. Ó kàn yọ̀ lórí omi kékeré tí òjò fẹ́ wọlé, egungun ìbàdí ṣẹ́, ìgbà mìíràn kì í sì í dìde mọ́. Nítorí náà ni a ṣe ń sún ibùsùn kúrò lẹ́bàá fèrèsé, tí àkísà gbígbẹ fi ń wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa, nítorí ó ń pa ènìyàn ní ilẹ̀ wa, òjò ni ó sì sábà máa ń fa ọ̀ràn náà. Iná a lọ bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, gbogbo wa mọ èyí. Àwọn olùtọ́jú a tan jẹnẹrétọ̀. Òjò a bẹ̀rẹ̀; wọn kò fẹ́ kí ó pa ẹ̀rọ náà, wọ́n á gbé e sí fàráńdà, lábẹ́ fèrèsé, tàbí sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n á sì ti gbogbo fèrèsé nítorí ìjì. Gáàsì kan wà nínú èéfín ẹ̀rọ náà tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí. Orí fífọ́ àti oorun ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò fura bí arúgbó bá ń sùn? Ẹ kọ́ àtíbàbà kékeré fún jẹnẹrétọ̀ yín ní ibi tí ó jìnnà sí ilé, kí òjò tó dé. Bí kò bá sí àtíbàbà, ẹ jẹ́ kí ó wà ní pípa, kí a lo tọ́ọ̀ṣì.

Oògùn náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ kò lè sọ pé òjò dí ọ̀nà sí ilé oògùn. Ti ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré jù, gbọ́dọ̀ wà nílé nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé bí iná bá lọ, kí a gbé abẹ́rẹ́ ínsúlínì sínú ìkòkò amọ̀ tí a fi yanrìn tútù yí ká. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọgbọ́n dáadáa ni, nítorí omi tí ó ń gbẹ lára ìkòkò ni ó ń mú inú rẹ̀ tutù. Nígbà òjò, omi ti kún inú afẹ́fẹ́, ti ara ìkòkò kì í fẹ́ gbẹ, títutù rẹ̀ a sì dín kù. Nọ́ọ̀sì ni kí ẹ bi nípa iye ọjọ́ tí èyí tí a ti ṣí lè lò láìsí fìríìjì, kí ẹ bi í nísinsìnyí.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò sí nínú ìwé nọ́ọ̀sì. Àpótí ni ọ̀kan. Ẹ sọ fún ìyá àgbà pé kí ó dìde kí a gbé e jáde nínú òjò, yóò ní òun kò lọ bí àpótí òun kò bá lọ. Àwọn olùtọ́jú a máa bínú, wọ́n á ní ta ni ń ro aṣọ ní irú àsìkò yìí? Ẹ bi í ní ohun tí ó wà nínú àpótí náà. Aṣọ tí ó fẹ́ kí a fi sin òun wà níbẹ̀, àwòrán ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, káàdì ìjọ rẹ̀ tí wọ́n ti ń sàmì owó ọdọọdún sí láti ìgbà tí ó ti jẹ́ ọ̀dọ́ wà níbẹ̀. Ó mọ̀ pé ní ọjọ́ tí òun bá kú, káàdì ni àwọn kan yóò kọ́kọ́ béèrè kí wọ́n tó lu aago. Ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín èyí kò mọ ìjọ wa. Ọ̀rá nínípọn kan àti okùn kan ti tó: kí àpótí náà wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn láti oṣù kẹta, kí ó sì ní ẹni tirẹ̀ tí yóò rù ú. Ìyá yóò dìde.

Òmíràn ni òkùnkùn. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń ṣáko, bí àrá bá jí i láàárín òru tí iná sì ti lọ, kò mọ ibi tí ó wà mọ́. A máa pe ọmọ tí ó ti kú, a máa fẹ́ jáde lọ bá a. Tọ́ọ̀ṣì kò wo èyí sàn. Ohùn tí ó mọ̀ ni ó ń wò ó sàn, ẹnì kan tí yóò jókòó tì í, tí yóò máa kọ orin ìjọ tí ó ti mọ̀ láti kékeré. Fún iṣẹ́ yìí, n kò rí ẹni tí ó dára tó àwọn Ìyá Ìjọ wa, bí wọ́n bá lè sùn síbẹ̀ ní ẹnì kan ní òru kan.

Gbígbé ènìyàn náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. A fi àga oníke kọ́ ọ: ẹnì kan a di ẹ̀yìn àga mú, èkejì a di ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú, wọ́n á dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dán an wò, oòrùn mú, àwọn ọmọkùnrin méjì gbé ìyá kan láti yàrá rẹ̀ dé gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ ibẹ̀ ga. Ìyá náà fi ìborí rẹ̀ bo ẹnu, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ìyàwó ni ẹ tún ń gbé mi ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni àwọn yòókù ti ń béèrè ìgbà tí yóò kàn wọ́n.

Ọ̀dọ̀ wọn ni a sì ti rí ohun tí àwa kò rí. Baba kan wà níbẹ̀ tí ó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè nígbà tí ó lágbára. Ó gbọ́ wa tí a ń pète pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni a ó gbà bí omi bá gba iwájú. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn yẹn nígbà òjò rí bí?" Mo ní, "Rárá, Baba." Ó ní, "Igi rẹ̀ a máa wú. Láti oṣù karùn-ún, èmi kò rí ẹni tí ó ṣí i." Òun kì í rí oorun sùn lóru, gbogbo ìró ilé náà ni ó mọ̀. Káfíńtà gé ìdí ilẹ̀kùn náà ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Àwa a máa pète fún àwọn àgbà bí ẹni pé ẹrù ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ti rí òjò ju wa lọ.

Bí ẹnì kan bá sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ ìjọ ni ọ̀rọ̀ ìṣó àti ilẹ̀kùn, kí ó ka Ìṣe àwọn Aposteli orí kẹfà. Ọ̀rọ̀ àwọn opó ni ó dá ìkùnsínú àkọ́kọ́ sílẹ̀ láàárín ìjọ Jerúsálẹ́mù, pé a kò kà wọ́n mọ́ ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn Aposteli kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú olúkúlùkù. Wọ́n ní kí a yan ọkùnrin méje, a sì kọ orúkọ méjèèje sínú ìwé, Stéfánù àti Fílípì lára wọn.

Èyí tí ó jẹ́ ti ìjọba wà lọ́wọ́ ìjọba. Ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti Nàìjíríà, NiMet, a máa sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún bí òjò yóò ti rí, ó sì yẹ kí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ilé náà máa gbọ́ ọ. Ní Èkó, nọ́ńbà tí a ń pè fún pàjáwìrì ni 767 tàbí 112. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ mọ Ìjú Road nígbà òjò, ẹ sì mọ ìgbà tí mọ́tò tí ó ń bọ̀ láti Ìkẹjà yóò tó dé.

Nítorí náà ni ìwé kan fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé tí mo ń sọ yìí. Orúkọ àwọn àgbà wà ní apá òsì. Ní apá ọ̀tún, níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni méjì wà tí yóò wá gbé e, àti nọ́ńbà fóònù wọn. Àwọn tí ìrìn ẹsẹ̀ láti ilé wọn kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nìkan ni a kọ. Ẹni tí ó ń gbé ní Lẹ́kí lè ní ìfẹ́ ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n ọ̀sà wà láàárín. Ìwé irú èyí yẹ kí ó wà nínú gbogbo ilé àwọn àgbà ní ilẹ̀ wa. Ẹ lọ béèrè rẹ̀ ní ìjọ tí ó bá sún mọ́ yín, bí ẹ kò bá sì bá a níbẹ̀, ẹ mú bébà àti kálámù dání. Nínú tiwa, ẹni méjì méjì ni a rí fún gbogbo wọn, àfi ìyá tí ó wà ní yàrá kẹrin. Ọ̀kan nínú àwọn tirẹ̀ ti kó lọ sí Ṣàgámù, ẹnì kan ni ó kù. Ìyá náà sì sanra díẹ̀. Ẹnì kan kò lè gbé e.